Ìgbì òkun lè tan iná l'Áfíríkà, àmọ́ ta ló ti wọn òkun náà wò?

Ẹni tó bá dúró sí etíkun Labadi nílùú Accra fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré yóò rí i pé ìgbì kì í sinmi. Bí ọ̀kan ṣe ń fọ́ sórí iyanrìn ni òmíràn ń tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ló rí lóru. Kódà nígbà tí iná ọba bá lọ ní gbogbo àdúgbò, ìgbì kò bá a lọ.

Àwọn ará Ghana mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí iná máa lọ kó máa bọ̀. Láàárín ọdún 2012 sí 2016, ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. 'Dumsor' ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí iná kú, kó tún tàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ṣé agbára tó wà nínú ìgbì yìí wá lè di iná mànàmáná? Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tilẹ̀ ti dán an wò ní Ghana. Àmọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ra ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni kó mọ òkun tó fẹ́ gbé e sí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ada?

Ada Foah wà ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ìlà oòrùn Accra, níbi tí odò Volta ti ń wọ inú òkun. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni Seabased, ilé iṣẹ́ kan láti orílẹ̀-èdè Sweden, àti TC's Energy, tó jẹ́ ti Ghana, gbé ẹ̀rọ mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ òkun. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ìròyìn ti kàn pé iná ti ń jáde láti inú ìgbì òkun Ghana. Agbára ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lápapọ̀ kò ju 400 kílówáàtì lọ.

Ẹ fi wé dáàmù Akosombo, tó lè pèsè 1,020 mẹ́gáwáàtì. Akosombo fi ìlọ́po 2,550 ju ẹ̀rọ mẹ́fà ọ̀hún lọ. Ìdánwò lásán ni ti Ada, kò sì sí ohun tó burú nínú ìdánwò.

Ní ọdún 2018, àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì kéde ètò tuntun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ibùdó ńlá tí yóò pèsè 100 mẹ́gáwáàtì sí Ada. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ìkéde náà, ibùdó ọ̀hún kò tíì dìde.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Fásitì ni ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Yunifásítì Uppsala, ní Sweden, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mats Leijon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe lè sọ ìgbì di iná. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, wọ́n sọ ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ sínú òkun nítòsí ìlú Lysekil.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Ohun kan tó dà bí kòròfo àgbá ń léfòó lójú omi. Okùn irin so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kan tó wà ní ìsàlẹ̀ òkun lórí kọnkéré tó wúwo. Bí ìgbì bá gbé àgbá náà sókè, okùn á fa mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ sókè. Bí ìgbì bá lọ sílẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì náà á padà sílẹ̀. Wáyà ni wọ́n wé yí i ká, lílọ sókè sódò yìí ló sì ń mú kí iná jáde nínú wáyà náà.

Iná tó ń jáde bẹ́ẹ̀ kò dúró sójú kan, nítorí ìgbì kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó iná gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ sínú àpótí ńlá kan lábẹ́ omi, tí wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀, kí wáyà kan ṣoṣo tó gbé e wá sórí ilẹ̀.

Òkun Sweden kọ́ ni òkun Ghana

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Ọ̀pọ̀ ìgbì tó ń dé Accra, Cotonou àti Èkó ni kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìtòsí ló bí i. Ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn réré ní gúúsù òkun Atlantic ló ń rán wọn wá. Wọn kì í ga púpọ̀, wọ́n máa ń gùn, wọ́n sì máa ń dé léraléra. Ìgbì Sweden ní tirẹ̀ máa ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́ ìtòsí. Ó lè pa rọ́rọ́ lónìí, kó ru gùdù lọ́la.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ìgbì méjì bá ń wá ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan náà, tí ọ̀kan ga ní mítà kan, tí èkejì ga ní mítà méjì, agbára èkejì kì í ṣe ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tó bá ṣi gíga ìgbì wọ̀n díẹ̀, ìṣírò iná rẹ̀ á ṣìnà púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìgbì gíga lè máa fi ìdá díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ìgbì kò ti ga, iye tí wọ́n fi rà á kò sì ní tìtorí ìyẹn dín kù.

Omi òkun wa tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìṣáwùrú àti ewéko òkun máa ń yára lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá dúró sínú rẹ̀. Iyọ̀ ń mú kí irin dógùn-ún. Iyanrìn tó wà lẹ́nu odò bíi Volta kì í sì í dúró sójú kan. Ó lè bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó sì lè ṣí wáyà sílẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó náà ti kàgbákò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, wọ́n ṣí ibùdó Aguçadoura ní Portugal pẹ̀lú ẹ̀rọ Pelamis mẹ́ta tó ń léfòó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, wọ́n ti wọ́ ẹ̀rọ náà padà sí èbúté. Àmọ́ ní ìlú Mutriku, ní orílẹ̀-èdè Spain, wọ́n kọ́ ti wọn mọ́ inú ògiri tó ń dá ìgbì dúró ní èbúté. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣí i. 296 kílówáàtì péré ni agbára rẹ̀, àmọ́ èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ti fi ń pèsè iná.

Ghana náà ń kọ́ ògiri sí etíkun láti dá òkun dúró, ní Keta àti ní Ada. Ṣé irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀rọ? Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Accra fi gboyè nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí Akosombo kọ́ wa

Ada kò ṣàì mọ ohun tí iná máa ń náni. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Akosombo ní ọdún 1965, nǹkan bíi 80,000 èèyàn ló ti fi ilé wọn sílẹ̀ fún adágún omi tó gbà á kan. Wọ́n ka iye àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn tí wọn kò kà ni àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò, létí òkun.

Odò Volta ló máa ń gbé iyanrìn wá sí etíkun. Dáàmù há púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ òkè. Lóòótọ́, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Keta kí wọ́n tó kọ́ Akosombo, àmọ́ àwọn onímọ̀ sọ pé àìsí iyanrìn yìí wà lára ohun tó dá kún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, omi òkun ya wọ ilé ní agbègbè Keta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì di aláìnílé.

Ohun tó kan ẹ̀rọ ìgbì nínú èyí ni pé ìgbì ló ń kó iyanrìn láti ibì kan lọ sí ibòmíràn létí òkun. Ibùdó ńlá tó bá gba agbára ìgbì yóò yí ìrìn iyanrìn náà padà. Ó lè dáàbò bo abúlé kan, kó sì jẹ́ kí òkun jẹ abúlé kejì. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kò lè mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀.

Àwọn apẹja ńkọ́?

Òkun kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Láti Chorkor àti Jamestown dé Ada, ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja ló kún etíkun. Ní ọdún 2019, ìjọba ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké dá iṣẹ́ dúró fún oṣù kan, kí ẹja lè bí sí i. Níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì láti ọdún 2010, lápá ìwọ̀ oòrùn, apẹja kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ epo tó 500 mítà.

Ibùdó ẹ̀rọ ìgbì náà yóò ní ààlà tirẹ̀. Àwọ̀n tó bá kọ́ okùn ẹ̀rọ yóò ya, okùn náà sì lè já. Ọ̀gá àwọn apẹja, tí wọ́n ń pè ní 'chief fisherman' ní Ghana, mọ ibi tí iyanrìn ń ṣí sí àti oṣù tí ìgbì ń le ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Bí wọ́n bá pè é nígbà tí ẹ̀rọ ti délẹ̀ tán, àríyànjiyàn ló máa bá wọn ṣe. Bí wọ́n bá pè é ṣáájú, yóò bá wọn ṣe ìwádìí.

Kí ni iṣẹ́ fásitì níbẹ̀?

Kì í ṣe pé kò sí onímọ̀ nílé. Ní Yunifásítì Ghana, ní Legon, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwasi Appeaning Addo àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wé tòní. Ìwádìí wọn tó jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé etíkun Accra ń fi ohun tó lé ní mítà kan sẹ́yìn lọ́dọọdún. Wọ́n tún ti ń lo drónù láti fi ya àwòrán etíkun. Yunifásítì Cape Coast ní ibùdó ìwádìí lórí etíkun, Regional Maritime University sì wà ní Nungua, nílùú Accra kan náà.

Ohun tó kù ni kí irú ìmọ̀ yìí ṣáájú ẹ̀rọ dípò kó máa tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbì gbọ́dọ̀ wà nínú òkun fún ọdún púpọ̀, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní fásitì ilé, kó má ṣe bá ilé iṣẹ́ àjèjì lọ nígbà tí owó bá tán. Ní ọdún 1956, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé yàwòrán ibùdó 3 mẹ́gáwáàtì tí yóò fi omi òkun gbígbóná àti tútù pèsè iná ní Abidjan. Epo rọ̀bì wá di ọ̀pọ̀, wọ́n pa á tì. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí Ada tún jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ghana. Ní Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti itẹ́ òkú lọ. Ìgbì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ àti ìgbì tó ń fọ́ ní Labadi, inú òkun kan náà ni wọ́n ti ń bọ̀. Fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí Ayétòrò. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa òkun, NIOMR, sì ti wà l'Ékòó láti ọdún 1975.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ìgbì tó lè wó ilé náà ló lè tan iná sínú ilé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn tuntun lórí 100 mẹ́gáwáàtì, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: ọdún mélòó ló fi wọn ìgbì wa, ibo ni iyanrìn wa ń lọ, àti pé ta ni nínú àwọn apẹja ló bá sọ̀rọ̀?