Aláìsàn Ọpọlọ Nínú Ìjọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, a kì í fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba ní Fìdítì àti Ìlọrà. Bí ibà bá mú ọmọ wa, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí abísínwín bá kọ lu ìyàwó ilé, ṣe la ó tì í mọ́ yàrá, kí àwọn àna má baà gbọ́ pé wèrè wà nínú ìdílé wa. Ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ níbẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ọpọlọ ló ń já sí ìgboro. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, tí oorun kò kùn, tí oúnjẹ kò wù ú. A ó ra paracetamol fún un. Bí kò bá lọ, a ó ní ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn, tó sì ní ìtọ́jú.

Ní November 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Wọ́n rí ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ó dùn mí. Ẹ ka Máàkù orí karùn-ún: àwọn ará ìlú ti fi ẹ̀wọ̀n de ọkùnrin ará Gadara yẹn títí, kò sàn. Jésù kò dè é.

Àdúrà àti oògùn kì í jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, tí àwọn wòlíì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020: ara àwọn aláìsàn náà yá ju ti àwọn tí kò rí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀.

Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní January 2023. Ó dára, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo mọ bí fáìlì ṣe ń pẹ́ lórí tábìlì. Òfin kò san owó ọkọ̀ láti Ìlọrà dé UCH, ká má tíì sọ ti Aró ní Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù nítorí pé ẹ ti gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìjọ tó bá sì ní bọ́ọ̀sì, kí ó yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ó máa fi gbé àwọn tí dókítà ń retí lọ sí Ìbàdàn, kí ó sì gbé wọn padà.