Ayọ̀, Ìdùnnú àti Iyọ̀: Ìtumọ̀ àti Ìpìlẹ̀ Wọn

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí ni ayọ̀. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yọ̀ ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, nípa fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- kún un. Ojúgbà rẹ̀ ni ìdùnnú: ì-, dùn àti inú ni ó para pọ̀ di í. Inú yìí kan náà ni ó wà nínú ìbínú àti ìbànújẹ́; ilé kan ṣoṣo ni adùn, ìrunú àti ẹ̀dùn ń gbé. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í jókòó sínú nìkan: a máa ń ké sí ará ilé àti aládùúgbò pé kí wọ́n wá bá wa yọ̀. Orúkọ bí Ayọ̀délé tilẹ̀ sọ ọ́ di ẹni tó rìn wá bá wa nílé.

A máa ń gbọ́ ọ láàárín wa pé ayò, eré inú ọpọ́n, ni ó bí ayọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì o àti ọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí kì í fi àmì sí abẹ́ ọ ni ó ń rí wọn bí ìbejì.

Èmi náà ti ṣì í rí. Níbi ìsọmọlórúkọ, mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé ara yọ̀ ni iyọ̀ ti wá, nítorí pé a ń fi iyọ̀ wúre ayọ̀. Ọmọ awo kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí pé: “Bàbá, ilẹ̀ tó ń yọ̀ nígbà òjò ńkọ́? Ṣé inú òun náà ń dùn ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀.

Ìjọra ìró kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Síbẹ̀, n kò pa ìwúre náà tì. Nínú ọfọ̀, ìró tó jọra ni a fi ń pe ohun tí a ń fẹ́: a dárúkọ iyọ̀, a fi pe ayọ̀. Agbára ohùn nìyẹn. Ìtàn ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ́. Awo tó bá da méjèèjì pọ̀ ń fa pàṣán lé àwọn tó ń pẹ̀gàn ìṣẹ̀ṣe lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a máa fi iyọ̀ wúre fún ọmọ, kí a sì kọ́ ọ ní òtítọ́ èdè rẹ̀ bó bá dàgbà. Ifá kò ní jẹ́ kí ayọ̀ tán nílé wa.