ÌṢIRÒ ARA-ẸNI: ÌWÉ PÉLÉBÉ FÚN ÒBÍ TÍ IṢẸ́ WỌ̀ LỌ́RÙN

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi kálámù kọ́ ọmọnìyàn ní ìmọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ọ̀rọ̀ òní kan ẹni tí ó jẹ́ òbí. Nínú oṣù Ramadan, ìyá a máa jí ní òru láti dáná sààrì. Yóò jí àwọn ọmọ, yóò kírun, yóò múra fún wọn, yóò sì gba ọjà tàbí ọ́fíìsì lọ. Bàbá yóò wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, owó ilé-ìwé yóò máa jẹ ẹ́ lọ́kàn, ọ̀gá a sì ti bú u kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ kékeré yóò ṣèèṣì da omi ìṣínu nù. Igbe tí òbí yóò ké mọ́ ọn nígbà náà ju ti omi lọ: ọ̀rọ̀ ọ̀gá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, àìsùn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jẹ ìyà gbogbo rẹ̀, ààwẹ̀ tí a ti fi ebi àti òùngbẹ gbà láti àárọ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń gba ẹ̀yin òbí níyànjú pé kí ẹ ra ìwé pélébé kan, kí ẹ sì máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ kọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín sínú rẹ̀.

ǸJẸ́ Ó BÁ Ẹ̀SÌN MU?

Ó bá a mu. Àwọn àáyà tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì, nínú Sūratul-‘Alaq, mẹ́nu ba ìwé kíkà àti kálámù. Àáyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, èyí tí ó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba (282) nínú Sūratul-Baqarah, dá lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀. Bí a bá ní láti kọ gbèsè owó kí ìgbàgbé má baà dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ro ti gbèsè sùúrù tí a jẹ àwọn ọmọ wa, àti ti ọpẹ́ tí a jẹ Ẹlẹ́dàá wa.

Àwọn aṣíwájú wa ka ìṣirò ara-ẹni sí iṣẹ́ pàtàkì. Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé ó gba àwọn ènìyàn níyànjú láti ṣírò iṣẹ́ ara wọn kí ọjọ́ ìṣirò tó dé. Al-Harith al-Muhasibi, onímọ̀ tí ó kú ní ọdún 857, gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìṣirò yìí gan-an. Ní Baghdad bákan náà, onímọ̀ tí à ń pè ní Abu Ali ibn al-Banna fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́. Apá tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1068 àti 1069, ó sì kọ àlá, ikú àti ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú síbẹ̀. Àṣà náà kì í ṣe àjèjì láàárín wa.

ARA PẸ̀LÚ NÍ Ẹ̀TỌ́

Òbí mìíràn yóò sọ pé, “Ta ni ó ráyè?” Ẹ rántí Abu Dardā, ẹni tí ó ń fi ọ̀sán gba ààwẹ̀, tí ó ń fi òru kírun, títí ilé rẹ̀ kò fi rí i mọ́. Salmān ni ó rán an létí pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó ní òdodo ni Salmān sọ.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ọjọ́ mẹ́rin tí ó tẹ̀léra. Ọkàn àwọn tí ó kọ nípa ìṣòro ńlá bàjẹ́ kété tí wọ́n kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bí ó ti rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ lásán.

BÍ A Ó TI ṢE É

(1) Ẹ so ó mọ́ àkókò ìrun: lẹ́yìn ìrun àṣámù, tàbí láàárín sààrì àti ìrun Subhi. Kí ọkọ gbé ọmọ fún ìyàwó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìyàwó náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ.

(2) Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta péré: Kí ni ó wọ̀ mí lọ́rùn lónìí? Ìdẹ̀ra wo ni Ọlọ́hun ṣe fún mi? Kí ni n ó tún ṣe lọ́la? Ìyá kan lè kọ ọ́ báyìí: “Mo pariwo mọ́ ọmọ mi nítorí omi. Oorun ń kùn mí. Ọ̀gá mi ni inú ń bí mi sí. Alihamdulilahi, ọkọ mi bá mi fọ abọ́. Lọ́la, n ó bẹ ọmọ mi, n ó sì tètè sùn.” Ó tán.

(3) Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ka ti ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí i pé wákàtí kan náà ni ìbínú máa ń dé, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó ti wá ìrànlọ́wọ́.

(4) Ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì lè kọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí ní àjàmí, bí àwọn baba wa ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè wa. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fi ìbéèrè mẹ́ta náà bi ara rẹ̀ lórí àkéte.

OHUN TÍ A Ó ṢỌ́RA FÚN

Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ṣekárími. Ìwé náà wà láàárín ìwọ àti Olúwa rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun bò, ẹ má ṣe tú àṣírí rẹ̀ sínú ìwé tí ẹlòmíràn lè rí. Ẹ fi túúbá kádìí rẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá sì wúwo títí tí oúnjẹ, oorun tàbí ìtọ́jú ọmọ fi sú yín, ẹ lọ rí dókítà, nítorí ìwé nìkan kò tó.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn màláíkà ń kọ tiwa láìsinmi, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí a ó gba ìwé náà lọ́wọ́ tí a ó kà á fúnra wa. Lọ́jọ́ náà, kò sí ìlà kan tí a ó lè tún kọ. Ti ìwé pélébé yìí ṣì ṣe é tún ṣe: ọmọ tí a pariwo mọ́ lálẹ́ àná ṣì wà nílé, a sì lè bẹ̀ ẹ́ kí a tó jẹ sààrì.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fún wa ní sùúrù lórí àwọn ọmọ wa, kí Ó sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ ọ̀tún gba ìwé wa. Āmīn.