Kí Wọ́n Tó Walẹ̀, Kí Ìlú Ti Gba Àdéhùn



Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ọdún 2007, ní abala 116, pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwakùsà tàbí òkúta fífọ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Ilé-ẹ̀kọ́, ìlera, ọ̀nà, omi, iná àti iṣẹ́ kíkọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ lè wà nínú rẹ̀. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ń tún un yẹ̀ wò.

Ẹ̀tọ́ gbogbo ìlú ni, kì í ṣe ẹ̀bùn olóyè kan. Igi gańgań má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ pe ìpàdé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Kí ọ̀dọ́, obìnrin àti àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kan oko rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí yóò wà, ọjọ́ tí yóò parí, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ̀dà ìwé náà má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun àlùmọ́ọ́nì tí a bá wà tán kì í hù mọ́ bí iṣu. Bí ilé-iṣẹ́ bá kó lọ, kòtò yóò kù. Ẹ jẹ́ kí omi àti ilé-ẹ̀kọ́ kù pẹ̀lú rẹ̀.