Nọ́ọ̀tì Ọ́ìlì Tó Fara Pamọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ẹbí ní Hamburg. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn ará wa ní Berlin.

Ẹ mọ̀ pé ìwé owó ni mo máa ń bá yín yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùpánà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni èyí, ẹ ó rí i.

Láti ìparí ọdún 2019, ẹni tó ti pé ọdún 25, tó sì ti ní ìwé ìwakọ̀ mọ́tò fún ọdún 5, lè gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ kún un, kó máa gun alùpùpù 125 ní Jámánì láìṣe ìdánwò mìíràn. B196 ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan nínú wa ti ṣe é: ẹlòmíì fi ń lọ síbi iṣẹ́ òru, ẹlòmíì fi ń gbé oúnjẹ kiri.

Èmi náà ra àlòkù kan. Ohun tí n kò yẹ̀ wò kí n tó sanwó ni ibi tí nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sílẹ̀ wà, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Ölablassschraube. Irin pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì bò ó, páìpù èéfín sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí sùpánà tó lè kàn án, bóòtù mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ tú. Kí ni mo ṣe? Mo ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ di òjò, òjò di yìnyín. Nígbà tí mo wá da ọ́ìlì yẹn, díẹ̀ ló kù, ó dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń dán bí ẹni da lẹ́búlẹ́bú irin sí i. Iye tí mo san lórí ẹ́ńjìnì náà, n kò ní sọ ọ́ níbí. Ìyàwó mi wà níjókòó.

Nítorí náà, bí ọ̀nà nọ́ọ̀tì yín bá ṣòro, ẹ tún ọ̀nà náà ṣe. Ọ̀nà ni mo wí o. Nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ rọra pẹ̀lú ẹ̀.

Bó bá jẹ́ irin ìdáàbòbò ló dí yín lọ́wọ́, ẹ lu ihò sí i. Ẹ mọ Knete àwọn ọmọdé lé orí nọ́ọ̀tì, ẹ fi ọ̀dà díẹ̀ kùn ún, kẹ́ ẹ wá gbé irin padà sáyè rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀dà bá kàn ni ihò yóò wà. Ẹ tú irin náà kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó lù ú, nítorí dírílì tó bá yọ̀ lè wọ ẹ́ńjìnì. Kí ihò náà fẹ̀ dáadáa ju orí sùpánà lọ, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì ha etí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń da ọ́ìlì, ẹ ká páálí bí àrọ sínú ihò náà, kí ọ́ìlì má baà dúró sínú irin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó dà dáadáa, páìpù èéfín á sì ti gbóná.

Nọ́ọ̀tì mìíràn wà tó jẹ́ Inbus ló ń tú u, tí Inbus náà kò sì ráyè wọlé. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní orí igun mẹ́fà. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò! M12x1,5 kì í ṣe M12x1,75, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Èyí tí kò bá mu á wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ alumíníọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnì. Kó má sì gùn ju ti àtijọ́ lọ. Wáṣà tuntun nígbà gbogbo, owó rẹ̀ kò tó owó kọfí. Ẹ fi Drehmomentschlüssel dè é dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé alùpùpù yín, kì í ṣe dé ibi tí agbára yín mọ.

Fáàfù kan tún wà tí ilé iṣẹ́ Stahlbus ń ṣe níbí ní Jámánì. A ó dè é sípò nọ́ọ̀tì, bí a bá fẹ́ da ọ́ìlì, a ó so rọ́bà mọ́ ọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí òun ni yóò wà nísàlẹ̀ jù, tí irin kankan kò bò ó, ẹ má fi sí i. Bordstein kan péré lè fọ́ ọ, ọ́ìlì á ta sí táyà ẹ̀yìn, ìyẹn sì lè pa ènìyàn.

Páìpù èéfín ńkọ́? Ẹ má gé e, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí ariwo tàbí èéfín bá burú sí i, Betriebserlaubnis ti bọ́ nìyẹn, lábẹ́ StVZO ẹsẹ̀ 19.

Ó ku ọ́ìlì àlòkù. Nílé, mẹkáníìkì lè dà á sí etí títì. Níbí, ẹni tó bá ba omi jẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5 gbára, tàbí owó ìtanràn. Ẹni tó ń retí Einbürgerung kò fẹ́ irú lẹ́tà yẹn nínú àpótí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìdapadà: Altölverordnung ẹsẹ̀ 8 sọ pé ẹni tó ta ọ́ìlì fún yín gbọ́dọ̀ gba iye kan náà padà lọ́fẹ̀ẹ́, àti fílítà pẹ̀lú. Ẹ má da pẹtiróòlù tàbí ọ́ìlì bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ tọ́jú Kassenbon. Èmi a máa lẹ tèmi mọ́ ara ìgò. Àwọn Selbsthilfewerkstatt tí ẹ ti lè háyà àyè wà ní Berlin àti Hamburg, ẹ má ṣe é ní ojú títì.

Dírílì àti Drehmomentschlüssel wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá wọn, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ o, fáìlì mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹnìkan láti ọdún tó kọjá.