Àdéhùn, Amánà àti Ọjà Rírà Ìjọba

  

 Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kírun ní Karmo níhìn-ín jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn mìíràn jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, àwọn mìíràn sì ń tajà fún iléeṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òní kò jìnnà sí ilé wa: báwo ni òfin àdéhùn ṣe lè mú kí ohun tí ìjọba fi owó gbogbo wa rà pẹ́, kí ó wúlò, kí ó má sì ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́?

1. Ohun tí ẹ̀sìn wí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Suratul-Ma'idah, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ òdodo pé kí ó máa mú àdéhùn ṣẹ. Ní ẹsẹ 282 Suratul-Baqarah, Ó ní kí á kọ gbèsè tí ó ní àkókò sílẹ̀, kí akọ̀wé má ṣègbè, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Nígbà tí Ànábì wa dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ènìyàn tí ń san owó èso sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Kò kọ̀ ọ́ fún wọn; ohun tí ó béèrè ni pé kí òṣùwọ̀n, ìwúwo àti àkókò ọjà náà jẹ́ mímọ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní salam. Òwò tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tí ó fara sin, ni wọ́n ń pè ní gharar, èyí tí a kọ̀ fún wa.

2. Ohun tí òfin ilẹ̀ wa wí

Ní ọdún 2007 ni òfin Public Procurement Act jáde, òun ni ó sì dá Bureau of Public Procurement sílẹ̀. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba má gbé iṣẹ́ tí kò sí owó rẹ̀ nínú ìṣúná síta. Bí a ti kọ ọ́ ní 2007, owó àsansílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, báǹkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò sì gbọdọ̀ ṣe onídùúró rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ó ti fẹ́ jọ salam! Ó ka pípín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ láti fi yẹ ààlà owó sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ó tún ní bí ìwé owó agbaṣẹ́ṣe bá ti kọjá ọjọ́ 60 tí a kò san án, ó ti pẹ́ jù, èlé yóò sì gorí rẹ̀. Àwa mọ ohun tí ẹ̀sìn wa wí nípa èlé. Ṣùgbọ́n Ànábì wa náà sọ pé àbòsí ni kí ẹni tí ó lówó máa fi gbèsè falẹ̀. Bí ìjọba kò bá sanwó lásìkò, olódodo yóò sá, ẹni tí yóò dín sìmẹ́ǹtì kù ni yóò gba iṣẹ́.

3. Ohun tí a kò kọ, a kò lè béèrè rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi iná ojú pópó tí ń lo oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìwé àdéhùn bá sọ iye òpó nìkan, ẹni tí ó dá owó tí ó kéré jù ni yóò gbà á. Bí bátìrì bá kú lẹ́yìn ọdún kan, ta ni a ó mú? Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé bátìrì gbọdọ̀ lo iye ọdún báyìí, pé agbaṣẹ́ṣe ni yóò tún un ṣe, pé apá kan owó rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ títí a ó fi rí i pé iṣẹ́ náà dúró, àti pé yóò kó òkú bátìrì lọ kí òjé inú rẹ̀ má bàa wọ inú omi wa, nígbà náà ni òfin tó ní eyín. Irú ọjà rírà tí ó ń wo ẹ̀yìn ọ̀la báyìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sínú àfojúsùn rẹ̀ kejìlá ní 2015.

4. Ẹ̀kọ́ ńlá kan

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó epo rọ̀bì bá iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ P&ID ṣe àdéhùn ogún ọdún, pé kí ó fọ gáàsì wa kí á lè fi pèsè iná mànàmáná. Èrò náà dára lójú. Ṣùgbọ́n a kò kọ́ ilé iṣẹ́ náà rárá. P&ID pẹjọ́ lọ́dọ̀ àwọn onílàjà ní London, wọ́n sì ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ní 2017. Èlé sọ ọ́ di ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 11. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní ilé ẹjọ́ gíga ní London dájọ́ pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà: àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rí èké sì wà níbẹ̀. A bọ́, àlùhámúdù lílàhì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá ti lọ, iná mànàmáná tí a torí rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé kò sì tàn.

5. Ìmọ̀ràn

Ìwọ tí ń kọ ìwé àdéhùn, kọ ọ́ kí ó yé ni. Ìwọ tí ń gba ọjà wọlé, má tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí o tó kà á. Ìwọ agbaṣẹ́ṣe, fi ohun tí o ṣèlérí jíṣẹ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò, òfin 2007 gbà yín láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ ọjà rírà tí kì í ṣe àṣírí ìjọba. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ 183 dé 187 Suratul-Baqarah ń sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ẹsẹ 188 tí ó tẹ̀ lé e kọ̀ fún wa láti jẹ owó ara wa lọ́nà èrú, tàbí kí á gbé e tọ àwọn aláṣẹ lọ láti fi jẹ nínú dúkìá àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó fi oúnjẹ àti omi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án nítorí Ọlọ́hun, kí ni yóò wá fi owó ọjà ìjọba ṣínu sí?

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí á lè pa amánà mọ́. Amin.