Ìmọ̀ Ìfojúdíwọ̀n Ọjà: Ṣé Iṣẹ́ Awoṣẹ́ Ni?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó jẹ́ kí ojú wa rí Ramadan míràn. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi àwa àlùfáà. Ọmọ wọ yunifásítì, ó ń kọ́ ìmọ̀ òwò. Ó délé, ó ní wọ́n ń kọ́ àwọn bí èèyàn ṣe lè mọ iye ọjà tí yóò tà lọ́dún tó ń bọ̀. Àyà bàbá já. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe Ọlọ́hun nìkan ló mọ ọ̀la ni? Àbí iṣẹ́ awoṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi?" Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kí ọmọ pa ẹ̀kọ́ náà tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin bàbá náà, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ní ìparí Sūratu Luqmān, àáyà 34, Ọlọ́hun ka nǹkan márùn-ún tí ìmọ̀ wọn wà lọ́dọ̀ Òun nìkan. Ohun tí ẹ̀mí kan yóò rí kó jọ lọ́la wà nínú wọn. Ànọ́bì wa sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá lọ bi awoṣẹ́ léèrè, ìrun rẹ̀ kò ní jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà fún ogójì òru.

Ṣùgbọ́n ká tó dá ọmọ lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń kọ́ gan-an. Orúkọ ló ń dẹ́rù bani, torí àwọn kan ń pè é ní àsọtẹ́lẹ̀ ọjà. Ìfojúdíwọ̀n ló yẹ ká máa pè é. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ká ní ìyá kan ń ta ìrẹsì. Ní oṣù mẹ́ta, ó ta àpò 40, 46 àti 52. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ro wọ́n pọ̀, wọ́n di 138. Yóò pín in sí mẹ́ta, ó di 46. Ó ní, "Màámi, ẹ fojú sí àpò 46 lóṣù tó ń bọ̀. Ó lè lé díẹ̀, ó sì lè dín díẹ̀." Oṣù parí, àpò 49 ni ìyá tà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi àpò 3 ṣì í. Yóò yọ 40 tó ti pẹ́ kúrò, yóò fi 49 sí i, yóò tún un ṣírò. Ọ̀nà míràn wà tó jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni wọ́n ń kà sí jù, tí ti àtijọ́ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Níbo wá ni ẹbọ wà níbẹ̀? Awoṣẹ́ ní òun rí ohun ìkọ̀kọ̀. Kì í ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà, kì í sì í padà wá ka iye ìgbà tó ṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìṣirò rẹ̀ hàn, ó ń sọ ibi tí àṣìṣe lè dé, ó sì ń kọ àṣìṣe náà sílẹ̀. Ní ọdún 1982, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan, Spyros Makridakis, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán oríṣiríṣi ọ̀nà ìfojúdíwọ̀n wò lórí àkọsílẹ̀ 1,001. Wọ́n rí i pé èyí tó díjú kì í fi gbogbo ìgbà dára ju èyí tó rọrùn lọ. Ẹni tó ń wọn àṣìṣe ara rẹ̀ báyìí kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́hun.

Àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú pàápàá kò sá fún irú ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 861, láyé Khalīfa al-Mutawakkil, wọ́n kọ́ ilé ìwọn-omi sí erékùṣù Rawda, níbi tó di Cairo lónìí. Òpó kan tí wọ́n fi àmì sí lára wà nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń wo ibi tí omi Nile kún dé. Bí omi bá kéré, wọ́n mọ̀ pé ìyàn lè mú. Bí ó bá pọ̀ jù, oko lè bọ́ sómi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ owó-orí tí wọ́n lè bù fún àgbẹ̀. Òpó ìwọn ni, kì í ṣe òrìṣà.

Ilẹ̀ Íjíbítì yìí kan náà ni Ànọ́bì Yūsuf ti ṣètò oúnjẹ ọdún mẹ́rìnlá. Ìtumọ̀ àlá ọba, láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni. Kò sí yunifásítì tó lè kọ́ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ̀ tán, kò káwọ́ lẹ́rán. Ó ní kí wọ́n dáko fún ọdún méje, kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀ de ọdún méje ìyàn. Ètò yẹn ni àríkọ́gbọ́n tiwa.

Ẹ wo ààwẹ̀ wa yìí náà. Ní Nàìjíríà, a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2023, ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, àti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025. Bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ló fi ń ṣáájú lọ́dọọdún. Ẹni tó ń ta dàbínù àti ṣúgà, tó bá ń fi kàlẹ́ńdà òyìnbó nìkan rajà, tí kò bá ṣọ́ra, ọjà rẹ̀ yóò dé lẹ́yìn tí a ti ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán. Kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ ní òṣùpá wa yóò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọ? Ọmọ Mùsùlùmí tó mọ Ramadan, tó sì mọ ìṣirò ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó kàn yín. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní 2019 kò mọ̀ pé àrùn Kòrónà yóò ti ọjà pa ní 2020. Nítorí náà, kí In shā Allāh má ṣe jẹ́ ti ẹnu lásán. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò yín fún ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ má yí iye padà kí báńkì lè yáni lówó, irọ́ nìyẹn. Ẹ má sì fi ìmọ̀ náà kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n. Kí àwọn ènìyàn lè rí jẹ ni Yūsuf ṣe kó tirẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹlòmíràn nínú wa kò fẹ́ kí ọmọ ka ìṣirò, ṣùgbọ́n bí òun bá fẹ́ ra mọ́tò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ yanrìn ló ń sáré lọ. Ìyẹn gan-an ni Ànọ́bì kìlọ̀ fún wa, ì báà jẹ́ ẹni tó wé láwàní ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kí ó kàwé rẹ̀. Ànọ́bì wa ní kí ẹni tó ni ràkúnmí so ó mọ́lẹ̀, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ìṣirò ni okùn náà. Ọlọ́hun ni olùṣọ́.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ àti ìrun wa, kí ó fi ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó fi bárákà sí òwò wa. Āmīn.